Irú Lọ́yà Tí Ọládipúpọ̀ Jẹ́

Ilé ẹjọ́ ni Oyèbísí ti kọ́kọ́ pàdé Ọládipúpọ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ kọ́ ni ọmọge ti ń retí ọkọ. Ọdún 1954 ni. Bọ̀lẹ́kájà kan tí ó gbéra ní Ògbómọ̀ṣọ́ já bọ́ láti orí afárá Odò Ọbà, ènìyàn méjì sì bá a lọ. Oyèbísí wà nínú ọkọ̀ náà. Olùkọ́ ni ní ilé-ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi ní Òkè-Ẹlẹ́rìn, ó sì ń lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ Abigẹ́lì, àbúrò bàbá rẹ̀ tí ń ta aṣọ ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Ọlọ́run yọ ọ́, apá nìkan ni ó fi rọ́. Nígbà tí adájọ́ àgbà wá jókòó ní Ọ̀yọ́, wọ́n pe Oyèbísí kí ó wá jẹ́rìí sí bí awakọ̀ náà ṣe wa ọkọ̀.

Lọ́yà ìjọba tí ó dìde láti bi í léèrè ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń fa ọ̀rọ̀ sọ bí ẹni tí ń fa omi láti inú kànga jíjìn.

"Ẹ̀yin olùkọ́," ni ó wí, "báwo gan-an... ni ọkọ̀ náà ṣe ń sáré tó?"

"Ó sáré ju bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, sà."

Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ pàápàá tẹrí ba bí ẹni ń wá nǹkan nínú ìwé. Ojú ti Oyèbísí, ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jáde, ọkùnrin náà tọ̀ ọ́ wá lábẹ́ igi máńgòrò, irun òyìnbó tí àwọn lọ́yà ń dé wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí adìyẹ tí wọ́n tu níhùùhù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni mo máa ń fa ọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Bí ẹ̀rù bá bà yín tí ẹ sọ̀rọ̀ báyìí, kí ni ẹ ó sọ lọ́jọ́ tí ẹ̀rù ò bà yín?"

Ohun tí ó fà á lọ sí ṣọ́ọ̀bù Abigẹ́lì, níbi tí Oyèbísí dé sí, lọ́jọ́ kejì nìyẹn. Ó ra ọ̀pá aṣọ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún ti Ìbàdàn wá ra òmíràn. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, Abigẹ́lì ká ọwọ́ sórí aṣọ títà rẹ̀.

"Lọ́yà, ṣé ẹ fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tiyín ni? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti àná. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń wá, kí n mọ bí màá ṣe bá yín tà á."

Ọládipúpọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ọ́. Báyìí ni Abigẹ́lì ṣe di alárinà.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Ọládipúpọ̀. Katikíìsì ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀, ó ti kú. Ìyá rẹ̀ àti àwọn ará ilé ni wọ́n dá owó tí ó fi lọ kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò tíì ju ọdún kan lọ tí ó dé, tí ìjọba gbà á sí iṣẹ́. Ní ọjọ́ Sátidé, ó máa ń wọ ọkọ̀ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, òun àti Oyèbísí a sì rìn lọ sápá Ìjẹ̀rù. Ọkùnrin náà a bi í léèrè ohun tí ó jẹ, ohun tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣe, ìdí tí ojú rẹ̀ fi wú. Kì í kánjú. Bí ó bá sì ti padà lọ, ìdí Oyèbísí kì í gbélẹ̀ mọ́. A gbálẹ̀ tí wọ́n ti gbá. A dìde láàárín oúnjẹ lọ wo ojú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé Sátidé ṣì jìnnà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ gbó, Abigẹ́lì lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Josiah Oyèlékè, bàbá Oyèbísí. Oníṣòwò ni Josiah. Ó ti ta aṣọ ní Jọ́ọ̀sì fún ogún ọdún kí ó tó padà wálé kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Díákónì ni, ohùn rẹ̀ sì máa ń kún ilé.

"Bùọ̀dá mi, ọkùnrin kan ń fẹ́ Bísí."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Lọ́yà ni."

Josiah gbé ife kalẹ̀. "Irú lọ́yà wo?"

"Ṣé lọ́yà lóríṣi ni?"

"Bí iṣu ṣe lóríṣi. Lọ́yà ilẹ̀ wà, ọba wọn nìyẹn. Tèmi tó wà ní Ìbàdàn, ọgọ́rùn-ún gíní, tó ju ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ, ni mo kà fún un kó tó ṣí fáìlì, gíní mẹ́wàá sì ni lọ́jọ́kọ́jọ́ tó bá ti fẹsẹ̀ tẹ kóòtù, bí wọ́n tilẹ̀ sún ẹjọ́ síwájú. Lọ́yà àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó wà l'Ékòó. Àwọn yẹn kì í làágùn, ìwé ni wọ́n ń kọ, owó ń wọlé. Lọ́yà àwọn olè àti oníjà náà wà. Ìyẹn, bí oníbàárà rẹ̀ bá wẹ̀wọ̀n, owó rẹ̀ bá a wẹ̀wọ̀n. Èwo ni tìrẹ?"

Abigẹ́lì tún gèlè rẹ̀ wé kí ó tó dáhùn. "Lọ́yà ìjọba ni. Ọmọ katikíìsì Áńgílíkà ni, láti Ọ̀yọ́."

"Èló ni wọ́n ń san fún un?"

"Wọ́n ní ọgọ́ta pọ́n-ùn lóṣù."

Josiah rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Owó oṣù! Lọ́yà tó ń gba owó oṣù, akọ̀wé tó wọ ẹ̀wù dúdú ni."

"Bùọ̀dá mi, ọgọ́ta pọ́n-ùn! Bísí fúnra rẹ̀ ò gba mẹ́wàá."

"Bísí kọ́ ni yóò bọ́ ara rẹ̀. Ó tún kù, omi lásán ni wọ́n wọ́n sí ọmọkùnrin yẹn lórí ní kékeré, wọn ò rì í bọmi. Ìyẹn tilẹ̀ ṣeé tún ṣe. Owó oṣù ni kò ṣeé tún ṣe."

Oyèbísí gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá. Ó bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á pẹ̀lú. Bí bàbá òun bá tọ̀nà ńkọ́? Ẹni tí ó ti rí ọdún tí ọjà Jọ́ọ̀sì jóná, tí ìyá rẹ̀ ń mu gààrí sùn, kò lè sọ pé owó kì í ṣe nǹkan. Nígbà tí Ọládipúpọ̀ dé, kò lè bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ó sọ ọ́ fún un bí ó ti rí, àti ẹ̀rín tí bàbá rẹ̀ rín. Ọkùnrin náà tètè wọkọ̀ padà.

Sátidé kan kọjá, òmíràn kọjá, kò wá. Oyèbísí kò lè jẹun. Ìyá rẹ̀, Ẹ́sítà, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í bá ọkọ rẹ̀ jiyàn, ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ojú.

"Bí yóò bá wá, yóò wá," ni ìyá rẹ̀ ń sọ.

Ó wá lóòótọ́, ojú rẹ̀ ń dán bí ẹni tí ibà ń mú.

"Mo ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Mo ti gba òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní ẹ̀gbẹ́ Akẹ̀sán. Màá máa ṣe ẹjọ́ ilẹ̀."

"Ta ló ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ṣebí bàbá rẹ ló sọ̀rọ̀?"

"Èmi ńkọ́? Ṣé mo sọ ọ́?"

"Mo rò pé inú rẹ yóò dùn, Bísí."

Ó ní inú òun dùn. Ṣùgbọ́n ó yára yí ọ̀rọ̀ padà sí ti ilé-ìwé.

Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ le. Àwọn oníjà àti ẹni tí ó jí ewúrẹ́ ni wọ́n ń gun àtẹ̀gùn rẹ̀, òmíràn a sì fi adìyẹ san owó iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ ilẹ̀ dé. Lásìkò yẹn, àwọn ènìyàn ti rí i pé ilẹ̀ tí a ń gbin ẹ̀gúsí sí lè gbé tábà, àwọn ilé-iṣẹ́ sì ń ra tábà, gbogbo ìdílé sì bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ààlà. Àádọ́ta gíní níhìn-ín, ọgọ́rin lọ́hùn-ún. Kò pé ọdún méjì tí Ọládipúpọ̀ fi ra mọ́tò dúdú kékeré kan. Nígbà tí mọ́tò náà dúró níwájú ilé Josiah, bàbá náà jáde fúnra rẹ̀ wá wò ó yípo, ó sì fọwọ́ gbá a níbàdí.

"Lọ́yà, ẹ wọlé, ẹ wá jókòó."

Ṣùgbọ́n Ọládipúpọ̀ kì í lè jókòó mọ́. Orí ìdúró ni ó ti ń mu omi. Bí ó bá dé ní Sátidé, ọ̀rọ̀ ààlà àti òkúta ààlà ni ó ń sọ, ó sì ń sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lọ́jọ́ kan, Oyèbísí ń ròyìn fún un nípa ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí ejò ṣán, ó wò ó, ọkùnrin náà ti sùn lọ lórí àga.

Ó sunkún ní alẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ọkùnrin yìí ń gba ọgọ́ta pọ́n-ùn, ó ń bi òun ohun tí òun jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá òun ti fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì ti ń wá ọjọ́ tí àwọn ẹbí yóò wá tọrọ òun. Ta ni òun yóò fi ẹjọ́ sùn? Kí ni òun yóò sọ pé ó ṣe?

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà nígbà tí Mìkáílù dé.

Àgbẹ̀ ni Mìkáílù, ní Ìrẹ̀sà. Ìdílé Oyèlékè ni ó ni ilẹ̀ tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń ro, láti ayé bàbá-bàbá wọn ni wọ́n sì ti ń san ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn iṣu àti epo tí a ń fún onílẹ̀, lọ́dọọdún. Josiah fẹ́ lé wọn kúrò kí ó lè gbin tábà sí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà kò gbà kí a lé ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀, àfi bí ó bá dìde sọ pé onílẹ̀ kọ́ ni ó nilẹ̀. Ohun tí lọ́yà Josiah sì kọ sínú ìwé ẹjọ́ nìyẹn, pé Mìkáílù àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ pé ilẹ̀ àwọn ni. Mìkáílù gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ọládipúpọ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó gba ẹjọ́ àwọn rò.

Ní ọjọ́ ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Ọládipúpọ̀ sọ ọ́ fún Oyèbísí lójú ọ̀nà Ìjẹ̀rù.

"Mo lé wọn padà. Mo ní n kò lè dojú kọ bàbá ìyàwó mi. Nítorí tìrẹ ni."

Oyèbísí dúró. "Ṣé wọ́n jàre?"

"Wọ́n jàre. Wọn ò sọ ohun tí bàbá rẹ ní wọ́n sọ."

"Ta ló gba ẹjọ́ wọn nígbà tí ẹ lé wọn?"

"N kò mọ̀. Àwọn lọ́yà Ìbàdàn ń béèrè owó tí wọn ò ní."

Afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku kọjá láàárín wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, "ẹ" ni Oyèbísí fi ń bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà ó gbàgbé.

"O fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ nítorí mi, o kò bi mí. O di ẹni tí kì í sùn nítorí mi, o kò bi mí. Ní báyìí o ti fi àwọn ènìyàn sílẹ̀ fún ìyà, o tún ní nítorí mi ni. Ọládipúpọ̀, èmi ò bẹ̀ ọ́! Ẹni tó bá lè tìtorí mi fi òtítọ́ sílẹ̀, lọ́jọ́ wo ni yóò tìtorí ẹlòmíràn fi èmi náà sílẹ̀?"

"Bàbá rẹ ni, Bísí! Bí mo bá gba ẹjọ́ yìí, kò ní fi ọ́ fún mi láéláé."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o sì fẹ́ kí n gbà á?"

Ó fẹ́ sọ pé rárá. Ọkàn rẹ̀ ń lọ síwá-sẹ́yìn bí ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń tì. Bàbá tí ó bí i, tí ó rán an nílé-ìwé nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kiri ọjà! Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Gbà á. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún bàbá mi."

Ó sì sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú Josiah lẹ́yìn oúnjẹ.

"Bàbá, Ọládipúpọ̀ ni yóò rojọ́ fún àwọn ará Ìrẹ̀sà. Èmi ni mo ní kó gbà á."

Josiah ti abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sẹ́yìn. Oyèbísí ti retí igbe, igbe kò wá.

"Dìde kúrò níwájú mi," ni bàbá rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Má sì jẹ́ kí n rí ọkùnrin yẹn nílé yìí mọ́."

Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1957. Oyèbísí àti Abigẹ́lì jókòó lẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí Josiah gorí àpótí ẹlẹ́rìí, tí ó gbé ọwọ́ lé Bíbélì, Oyèbísí di ọwọ́ Abigẹ́lì mú. Ọládipúpọ̀ dìde. Ó tẹrí ba fún adájọ́, ó sì tẹrí ba fún Josiah.

"Bàbá, ṣé àwọn Mìkáílù ti kùnà láti san ìṣákọ́lẹ̀ rí?" Ohùn rẹ̀ ti padà sí bó ti wà, ó ń fà, kò kánjú.

"Rárá."

"Lẹ́yìn tí ẹ pe ẹjọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n gbé e wá. Èmi ni n kò gbà á."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nínú wọn, ta ni ó sọ fún yín pé ilẹ̀ náà kì í ṣe tiyín?"

Josiah wo lọ́yà rẹ̀. Lọ́yà rẹ̀ ń wo ìwé. Bàbá náà di etí agbádá rẹ̀ mú, ó ń ká a, títí adájọ́ fi gbé ojú sókè.

"Kò sí," ni Josiah wí níkẹyìn. "Kò sí ẹni tó sọ ọ́. Lọ́yà mi ló ní ká sọ bẹ́ẹ̀."

Ariwo ta. Oyèbísí rí i pé Ọládipúpọ̀ ṣì ní ìbéèrè lẹ́nu, ìbéèrè tí yóò dójú ti bàbá náà níwájú gbogbo ènìyàn. Ó ya ẹnu. Ó wo àgbàlagbà náà. Ó pa ẹnu dé, ó sì jókòó.

Adájọ́ ní ti Josiah ni ilẹ̀, kí àwọn àgbẹ̀ sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ lórí rẹ̀. Inú Oyèbísí kò dùn, kò sì bàjẹ́. Ó kàn ń rí ọwọ́ bàbá rẹ̀ tí ń ká etí agbádá.

Oṣù tó tẹ̀ lé e burú. Josiah ń dá jẹun. Òun àti Oyèbísí ń pàdé lórí àtẹ̀gùn bí àlejò. Ọládipúpọ̀ náà kò rí owó mọ́, nítorí àwọn onílẹ̀ ńlá sọ pé ẹni tí ó lè rojọ́ ta ko bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí a ń gbé fáìlì fún. Abigẹ́lì mú ìròyìn wá pé ó ti ta mọ́tò. Oyèbísí ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, ohun kan náà ni ó ń fi ránṣẹ́ padà: òun kò ní fa ọmọ ya kúrò lára bàbá rẹ̀.

Lẹ́yìn ìkórè ni nǹkan yí padà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Mìkáílù àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dé sí ilé Josiah pẹ̀lú iṣu àti epo. Josiah rò pé wọ́n wá fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó múra ìjà. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ilé, Bàbá. Ìṣákọ́lẹ̀ ọdún yìí nìyí."

"Ṣé ẹ ti gbàgbé pé ẹ̀yin lẹ jàre ni?"

"A ò gbàgbé, Bàbá. Lọ́yà wa ló ní ẹni tó bá fi ìgbéraga dé ọ̀dọ̀ yín nínú wa, òun ò ní dá a lóhùn mọ́. Ó ní ẹ ti sọ òtítọ́ lójú ayé, pé àwọn tó lè ṣe é ò pọ̀."

Josiah jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó pẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lọ. Nígbà tí Oyèbísí fẹ́ kọjá, ó pè é.

"Ọkùnrin yẹn, ṣé ó ṣì wà?"

"N kò mọ̀, Bàbá."

"Lọ wò ó. Sọ fún un kí àwọn ẹbí rẹ̀ wá ní Sátidé." Ó yí ojú sápá kan. "Mo ṣì sọ pé owó rẹ̀ kéré o."

Ọkọ̀ tí ó kọ́kọ́ gbéra ni Oyèbísí wọ̀, kò tilẹ̀ pààrọ̀ bàtà. Nígbà tí ó dé ẹ̀gbẹ́ Akẹ̀sán, lọ́rì kan wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, wọ́n ti di ibùsùn àti àga sínú rẹ̀. Ọládipúpọ̀ ń gbé àpótí ìwé jáde. Ó rí i, ó dúró.

"Níbo lẹ ń lọ?"

"Èkó. Ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan fẹ́ kí n máa ṣe ìwé wọn. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lóṣù, àti ilé." Kò lè wo ojú rẹ̀. "Mo rò pé bí mo bá jìnnà, yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn."

"Bàbá mi ní kí àwọn ẹbí yín wá ní Sátidé."

Ó gbé àpótí náà sílẹ̀, ó tún na ọwọ́ sí i. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ Èkó yìí náà dára. Owó yẹn tó láti gbọ́ bùkátà rẹ. Bàbá pàápàá yóò..."

Oyèbísí jókòó lé àpótí náà lórí, ó di dandan kí ọkùnrin náà fi í sílẹ̀.

"Ọládipúpọ̀, láti ọjọ́ tí a ti mọra, gbogbo ayé ló ń jíròrò ohun tí ẹ ń gbà. Bàbá mi, àǹtí mi, ẹ̀yin náà. Kò sí ẹni tó bi mí rí pé kí ni mo fẹ́."

Awakọ̀ fun fèrè. "Ọ̀gá, ṣé ká máa lọ?"

Ọládipúpọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú obìnrin náà. Ó rọra sọ ọ́, ó ń fa ọ̀rọ̀ bí ó ti fà á lọ́jọ́ kìíní ní kóòtù. "Kí ni o fẹ́, Bísí?"

"Ẹni tó ń sùn lóru tó sì ń jí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tí ó ń gbọ́ mi bí mo bá ń sọ̀rọ̀. Ọ̀yọ́ yìí ni mo fẹ́ máa gbé, kí n máa kọ́ ọmọ, kí ẹ máa gba ẹjọ́ ẹni tó bá jàre rò. Bó bá jẹ́ gíní ni wọ́n mú wá, a ó gbà. Bó bá jẹ́ adìyẹ ni, èmi mọ adìyẹ sè. Owó tèmi náà ń bọ̀ lóṣooṣù."

Fèrè tún dún. Ọládipúpọ̀ yí ojú sí awakọ̀ náà. "Ẹ bá mi sọ ẹrù kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Màá san owó yín pé."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà ni wọ́n so wọ́n pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Oòrùn mú gan-an, aṣọ funfun Oyèbísí lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Josiah di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú láti ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n ti ń rìn lọ síwájú níbi tí Ọládipúpọ̀ dúró sí, bàbá náà tẹ ẹnu mọ́ ọn létí.

"Bí kò bá dára fún ọ, ilé rẹ nìyẹn o. O lè padà wá."

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni Oyèbísí wí. Omi lé sí i lójú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró, bàbá rẹ̀ ni ó ní láti yára kí ó lè bá a rìn.